Bí a bá da ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì rú, ẹ́ńjìnì wo ló máa mọ̀ ọ́n ta?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ètò ọ̀sẹ̀ yìí, àkọsílẹ̀ tí mo ṣèlérí nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ ọ, ẹ má ṣèyọnu, ẹ lè ka èyí ná kí ẹ tó lọ gbọ́ ọ. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá tó rọrùn, mo sì to àwọn ọ̀rọ̀ tó lè le díẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fẹ́ dáhùn lónìí: bí a bá da àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì rú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, irú ẹ́ńjìnì kọ̀ǹpútà wo ló máa mọ̀ ọ́n ta jù? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lásán. Àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé: báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan ní òye, tàbí ó kàn ní àkọ́sórí? Ìbéèrè yẹn kan fóònù tó wà lápò yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ọpọ́n ayò

Ọpọ́n ayò ní ojú 12, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ ayò 4 ló máa ń wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Bó ṣe rí lánàá nìyẹn, bó ṣe máa rí lọ́la náà nìyẹn. Torí pé ìbẹ̀rẹ̀ kì í yí padà, ẹni tó ti ń ta ayò fún ọdún púpọ̀ lè ti há ìgbésẹ̀ mélòó kan sórí. Kò tiẹ̀ ní ronú kó tó ta á.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan wá tún àwọn ọmọ náà pín: 7 nínú ojú yìí, 1 nínú ìyẹn, 5 nínú òmíràn, kó sì rí bákan náà lọ́wọ́ ẹni méjèèjì kí ó má baà sí ìrẹ́jẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n há sórí ti di òfo. Òpè tó kàn ń fara wé ọ̀gá rẹ̀ á dákẹ́ lọ́ kẹ́kẹ́. Ọ̀ta gidi á kàn tẹ orí sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkọ́sórí ni aṣọ, ẹnikẹ́ni lè yá a. Ìrírí ni àkísà.

Ohun tí ọ̀gbẹ́ni Bobby Fischer ṣe sí ṣẹ́ẹ̀sì gan-an nìyẹn.

Fischer àti ipò 960

Bobby Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Reykjavik lọ́dún 1972. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé ṣẹ́ẹ̀sì ti di eré àkọ́sórí. Àwọn ọ̀gá ti ka ìwé tó pọ̀ débi pé ìgbésẹ̀ 15 tàbí 20 lè kọjá kí ẹnì kan tó ronú fúnra rẹ̀. Ní June 19, 1996, nílùú Buenos Aires ní Ajẹntínà, ó kéde irú ṣẹ́ẹ̀sì tuntun kan: àwọn pọ́ọ̀nù dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn wọn, orí ló máa pín ipò fún wọn. Bí wọ́n bá ṣe to ti funfun ni wọ́n máa to ti dúdú.

Òfin méjì péré ló de ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà. Àkọ́kọ́, bíṣọ́ọ̀bù kan gbọ́dọ̀ wà lórí ojú funfun, ìkejì lórí ojú dúdú. Èkejì, ọba gbọ́dọ̀ wà láàárín rúùkù méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ka iye ipò tó ṣeé ṣe. Ẹ mú ìwé yín jáde, kò le rárá:

1. Bíṣọ́ọ̀bù kan ní ojú funfun 4 láti yàn nínú wọn, èkejì ní ojú dúdú 4. Ìyẹn 4 × 4 = 16.
2. Ojú 6 ló kù. Ayaba lè yan èyí tó bá wù ú: 6.
3. Ojú 5 ló kù. Ẹṣin méjì máa gba méjì nínú wọn. Ọ̀nà 10 ló wà láti yan méjì nínú márùn-ún.
4. Ojú 3 ló kù. Rúùkù, ọba, rúùkù. Ọ̀nà kan ṣoṣo.

16 × 6 × 10 × 1 = 960. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pè é ní Chess960. Wọ́n fún ipò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 0 títí dé 959. Ṣẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa mọ̀ wà nínú wọn pẹ̀lú: nọ́ńbà 518 ni. Ẹ rí i bí ó ṣe kéré tó? Gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ nípa bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ẹ̀sì, orí ipò kan ṣoṣo nínú 960 ni wọ́n dá lé.

Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tó ran Deep Blue lọ́wọ́

Ẹ má rò pé èèyàn nìkan ló ń há nǹkan sórí o. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣe é. Wọ́n máa ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbésẹ̀ tí àwọn ọ̀gá ti dán wò sínú ẹ́ńjìnì. Ìyẹn là ń pè ní ìwé ìbẹ̀rẹ̀. Bí ipò tó wà lórí ọpọ́n bá ṣì wà nínú ìwé, ẹ́ńjìnì kì í ṣírò nǹkan kan. Ó kàn ń dà á kọ ni.

Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni Deep Blue, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ IBM tó na Garry Kasparov ní May 1997, pẹ̀lú máàkì 3.5 sí 2.5. Ẹ̀rọ yẹn lè wo nǹkan bí ipò mílíọ̀nù 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú eré kẹfà, tí í ṣe èyí tó parí ìjà náà, Deep Blue fi ẹṣin rẹ̀ rúbọ ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, ó fi gba pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Ipò Kasparov bàjẹ́, kò pẹ́ tó fi gbà pé òun ti sọnù. Èèyàn á rò pé ẹ̀rọ ló ronú jinlẹ̀ tó fi rí ìrúbọ yẹn. Rárá o. Inú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ìgbésẹ̀ náà ti wá. Èèyàn ló kọ ọ́ síbẹ̀.

Mi ò sọ pé Deep Blue kò lágbára. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ipò ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ó ṣòro láti mọ ibi tí àkọ́sórí parí sí àti ibi tí òye ti bẹ̀rẹ̀. Ipò 960 ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Irú ẹ́ńjìnì méjì, ìwà méjì

Bí a bá gba ìwé ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, nǹkan méjì ló kù fún un. Ọ̀kan ni ìṣirò iwájú: "bí mo bá ṣe báyìí, tó ṣe báyẹn, tí mo tún ṣe báyìí..." Èkejì ni ìdájọ́: kó wo ipò kan, kó sì sọ pé "èyí dára fún mi" tàbí "èyí kò dára." Gbogbo ẹ́ńjìnì ló ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń ju èkejì lọ lọ́wọ́ kálukú wọn, ibẹ̀ sì ni ìwà wọn ti yàtọ̀.

Irú àkọ́kọ́ ni Stockfish ti àtijọ́. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé e jáde, láti inú ẹ́ńjìnì kan tó ń jẹ́ Glaurung. Ìṣirò iwájú ni agbára rẹ̀. Ó ń wo àìmọye ipò, ó ń gé àwọn ẹ̀ka tí kò lérè dànù kó má baà fi àkókò ṣòfò. Ìdájọ́ rẹ̀ rọrùn ní tirẹ̀: èèyàn ló fọwọ́ kọ òfin rẹ̀, bíi pé ayaba níye lórí tó báyìí, pọ́ọ̀nù tó dá wà kò dára. Ẹ́ńjìnì báyìí dà bí ọ̀ta ayò tó ń fìka ka ọmọ inú ojú kọ̀ọ̀kan. Kì í fojú inú wò ó, ó ń kà á ni.

Irú kejì ni AlphaZero, tí ilé iṣẹ́ DeepMind nílùú London ṣe, àti Leela Chess Zero, tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018 lórí ìlànà kan náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní ìdájọ́. Òfin eré nìkan ni wọ́n fún wọn, wọ́n wá ń bá ara wọn ta á ní àìmọye ìgbà títí neural network inú wọn fi mọ ohun tó dára àti ohun tí kò dára. Nínú ìdíje tí DeepMind kọ̀ròyìn rẹ̀ lọ́dún 2018, AlphaZero ń wo nǹkan bí ipò 60,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí Stockfish ń wo nǹkan bíi mílíọ̀nù 60. Síbẹ̀, nínú eré 1,000, AlphaZero yege 155, ó pàdánù 6, ìyókù di ọ̀mì. Ojú inú ló fi ń ta á. Ó mọ ibi tó yẹ kó wò, kò wo ibòmíràn.

Ó dáa. Bí a bá wá da ọpọ́n rú ńkọ́?

Ẹ to ọpọ́n yìí kí ẹ wò ó

Bí ẹ bá ní ọpọ́n nílé, ẹ to ọmọ funfun báyìí láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún: ẹṣin, rúùkù, ọba, rúùkù, ayaba, bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin. Kí dúdú kọjú sí i bákan náà, ẹṣin sí ẹṣin, ọba sí ọba.

Kí funfun wá gbé pọ́ọ̀nù rẹ̀ kẹfà láti òsì síwájú ní ojú méjì. Ọ̀nà ti ṣí fún bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní ojú keje. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ ní ìdábùú lọ sí apá òsì. Ẹ rí ibi tó dé? Ó dé ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀nù dúdú tó wà níwájú ẹṣin, ní etí ọpọ́n. Ta ló ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù yẹn? Kò sẹ́nì kankan! Ẹṣin ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀, rúùkù kò lè dé ibẹ̀, ọba sì jìnnà. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá gba pọ́ọ̀nù náà, rúùkù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló máa dojú kọ. Dúdú gbọ́dọ̀ tètè wá nǹkan ṣe. Ó lè fi ẹṣin dí ọ̀nà, tàbí kó gbé pọ́ọ̀nù kejì láti òsì síwájú ojú kan.

Ní ṣẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀, kò sí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní kankan tó lè halẹ̀ mọ́ ọmọ ọ̀tá báyìí. Níbí, ogun ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

Èyí ló fà á tí mo fi gbà pé ẹ́ńjìnì oníṣirò ló máa kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ irú eré yìí. Kò nílò kó ti rí ipò náà rí. Á kà á: bíṣọ́ọ̀bù lọ, pọ́ọ̀nù lọ, rúùkù wà nínú ewu. Ìṣirò kò mọ ìlú ẹni, ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì olójú inú, tó bá jẹ́ orí ipò 518 nìkan ló ti kọ́ṣẹ́, ojú inú yẹn lè máà darí rẹ̀ síbi tó yẹ. Ọ̀nà tí kò bá rò pé ó ṣe pàtàkì, kì í fi àkókò púpọ̀ wò ó.

Bíṣọ́ọ̀bù tó há sí kọ̀rọ̀

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún oníṣirò ní ife-ẹ̀yẹ o, torí òun náà ní ìdájọ́ tó ń lò, ìdájọ́ yẹn sì lè ní àbùkù.

Ẹ ronú nípa bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ ọpọ́n. Ìdábùú ló ń rìn, nítorí náà ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo ló ní. Bí pọ́ọ̀nù rẹ̀ bá dúró lójú ọ̀nà yẹn tí kò sì lè kúrò, bíṣọ́ọ̀bù náà ti há, kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ní ṣẹ́ẹ̀sì ti àtètèkọ́ṣe, irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Kí bíṣọ́ọ̀bù tó lè dé kọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ojú tí pọ́ọ̀nù yẹn wà kọjá, pọ́ọ̀nù kì í sì í padà sẹ́yìn. Àmọ́ nínú ipò 960, bíṣọ́ọ̀bù lè bẹ̀rẹ̀ eré láti kọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń kọ Stockfish mọ èyí. Wọ́n kọ òfin kan sínú ìdájọ́ rẹ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú Chess960 nìkan: bí bíṣọ́ọ̀bù bá wà ní kọ̀rọ̀ tí pọ́ọ̀nù rẹ̀ sì dí i, ẹ yọ máàkì kúrò.

Ní September 2020, Stockfish 12 yí padà. Wọ́n fi neural network kékeré kan tó yára, tí wọ́n ń pè ní NNUE, sínú rẹ̀. Yu Nasu, ọmọ Japan, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 2018 fún shogi, eré ọlọ́pọ́n tí àwọn ará Japan fẹ́ràn. Stockfish wá ní ìṣirò ti tẹ́lẹ̀, ó tún ní ojú inú. Agbára rẹ̀ lọ sókè gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ sí bíṣọ́ọ̀bù kọ̀rọ̀? Network tuntun náà kò mọ̀ ọ́n dájọ́. Ibo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n? Nínú àwọn eré tí wọ́n fi kọ́ ọ, kò sí irú ẹ̀ rí. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní láti tún fọwọ́ kọ àtúnṣe kan lé e lórí, fún bíṣọ́ọ̀bù kọ̀rọ̀ nìkan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tó yẹ gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré tí wọ́n ti da ọpọ́n rú kọ́ network náà, títí kan èyí tí funfun àti dúdú ti ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tó yàtọ̀ síra. Nínú ìyẹn, ipò ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 960 × 960, ìyẹn 921,600. Ẹni tó ti rí oríṣiríṣi ọpọ́n tó bẹ́ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì sí i mọ́.

Èèyàn ńkọ́?

Lọ́dún 2005, nílùú Mainz ní Jámánì, wọ́n dán an wò. Peter Svidler, ọ̀gá láti Rọ́ṣíà, bá ẹ́ńjìnì kan tó ń jẹ́ The Baron ta eré méjì ti Chess960, Svidler sì yege pẹ̀lú 1.5 sí 0.5. Zoltán Almási láti Hungary bá Shredder ta eré méjì tirẹ̀, Shredder sì gba méjèèjì. Nígbà yẹn, ọ̀gá èèyàn ṣì lè borí ẹ́ńjìnì tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Lónìí, kò sí ẹni tó lè bá Stockfish fa á, yálà a da ọpọ́n rú tàbí a kò dà á rú. Láàárín àwa èèyàn, ẹ wò ó bí nǹkan ṣe lè yí padà: nínú ìdíje àgbáyé Fischer Random ti 2019 ní Norway, Wesley So na Magnus Carlsen, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé nígbà náà, pẹ̀lú 13.5 sí 2.5.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀?

Ìdáhùn mi nìyí. Ìṣirò iwájú bá ọpọ́n tí a dà rú mu láìnílò ìmúrasílẹ̀. Ojú inú bá a mu nìkan bí ẹ̀kọ́ tó gbà bá gbòòrò tó. Èyí tó dára jù ni kí ẹ́ńjìnì ní méjèèjì, kí wọ́n sì ti fi oríṣiríṣi ọpọ́n kọ́ ọ.

Ẹ wá gbé e wá sílé. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, neural network ló wà nínú òun náà. Bí ó bá jẹ́ ohùn àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọ, ohùn ìyá yín tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti ará Ìbàdàn á dà bíi bíṣọ́ọ̀bù kọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá kò mọ̀ ọ́n sọ o. Wọn kò fi irú ohùn wọn kọ́ ẹ̀rọ náà ni. Bí wọ́n bá kọ́ ọ láì sí Yorùbá, igbá, igba àti ìgbà á di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Àtúnṣe kékeré lè tu ni lára fún ìgbà díẹ̀, bíi ti bíṣọ́ọ̀bù yẹn, àmọ́ ojútùú gidi ni kí ohùn wa wà nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ó tún kan ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Yorùbá. "Ẹ káàárọ̀", "Ẹ káàsán", "Ẹ káalẹ́": ìwé ìbẹ̀rẹ̀ yín nìyẹn, ó dára kí ẹ ní in. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, àǹtí yín á pè láti Abẹ́òkúta, wọ́n á gbọ́ pé yìnyín ń já bọ́ lọ́dọ̀ yín, wọ́n á sì kí yín pé, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o!" Kò sí nínú ìwé. Ẹni tó há kíkí mẹ́ta sórí á dákẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé "ẹ kú" lè tẹ̀ lé ohunkóhun tí èèyàn ń là kọjá, ìyẹn iṣẹ́, ìjókòó, ìrìn, òtútù, á ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, á sì dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ àmúrelé

Ẹ lọ sórí Lichess, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan Chess960, kí ẹ ta eré kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó gbé ọmọ kankan, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ní Yorùbá, kí ẹ sọ ọ́ síta: Pọ́ọ̀nù wo ni ẹnikẹ́ni kò ṣọ́? Bíṣọ́ọ̀bù wo ló há? Ibo ni ọba mi máa sá sí? Lẹ́yìn eré, ẹ jẹ́ kí Stockfish yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wo bóyá ìdáhùn yín bá tirẹ̀ mu.

Àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí

- *ọpọ́n*: pátákó tí a ń ta ayò tàbí ṣẹ́ẹ̀sì lórí rẹ̀.
- *ojú*: ibi tí ọmọ kan ń dúró sí lórí ọpọ́n. Ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ní ojú 64.
- *ọ̀ta*: ẹni tó mọ ayò ta dáadáa. Òdìkejì rẹ̀ ni *òpè*.
- *àkọ́sórí*: ohun tí a há sórí, yálà ó yé wa tàbí kò yé wa.
- *ìdábùú*: ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láti igun kan sí igun kejì.
- *ọ̀mì*: eré tí kò sẹ́ni tó borí nínú rẹ̀.
- *ọ̀gìnnìtìn*: òtútù tó mú gan-an.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin tó wà ní Kánádà!